Èémí Ọ̀dọ́ tí Ń Lọ Ṣe Ìdánwò

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa fẹ́ bá yín sọ. Àwa ti rí ọ̀dọ́ tí ó mọ ìwé dáradára, ṣùgbọ́n bí a ti pín ìwé ìdánwò fún un, àyà rẹ̀ ń já, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohun tí ó mọ̀ lánàá sì fò kúrò ní orí rẹ̀. Kí a má pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ; kí a kọ́kọ́ wo bí ó ti ń mí.

Àgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ a máa mí ní ìwọ̀n ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rù bá dé, èémí a yára, a sì mọ sí òkè àyà. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí àwọn ènìyàn fi ìṣẹ́jú 5 péré ṣe ìdárayá èémí lójoojúmọ́ fún oṣù kan. Àwọn tí ń mí jáde pẹ́ ju bí wọ́n ti ń mí sínú lọ ni inú wọn dùn sí i jù lọ.

Ìdúró pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ẹran-ara pẹlẹbẹ tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn ni olórí iṣẹ́ mímí, òun náà sì ń ran ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́wọ́ láti nàró. Ẹni tí ó tẹ̀ kòlòbà sórí ìwé tàbí fóònù há ààyè mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ jókòó, kí ẹ̀yin yín nà. Ẹ fi imú mí sínú, ẹ tún fi díẹ̀ kún un, kí ẹ sì fi ẹnu mí jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, tàbí tí ìdààmú rẹ̀ kò lọ, kí ó tọ dókítà lọ.

Èémí kò lè fi ohun tí a kò kọ́ sí orí ẹni. Ṣùgbọ́n ó lè dá ọkàn padà sí ipò rẹ̀, kí ohun tí a kọ́ lè rí ọ̀nà jáde. Kí bàbá àti ìyá bá ọmọ wọn ṣe é láràárọ̀, kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.