Alẹ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù: Irú bíà wo ló yẹ kí onílé ọtí kó sínú fíríìsà?

Kò sí alẹ́ tí àwọn onílé ọtí tó gbé tẹlifíṣàn síwájú oníbàárà máa ń fojú sọ́nà fún tó alẹ́ àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àga kì í tó, àwọn tí kò rí ibi jókòó a sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èrò rẹpẹtẹ kọ́ ni èrè rẹpẹtẹ. Ọ̀pọ̀ onílé ọtí ló jẹ́ pé tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí wọ́n bá ka owó tán, tí wọ́n yọ owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó yìnyín kúrò, ohun tó máa ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́ kì í ju ti ọjọ́ Sátidé lásán lọ. Irú ọtí tí wọ́n kó sílẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá gba ìrònú sí i nítorí irú bíà kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń béèrè báyìí. Òun ni wọ́n ń pè ní craft beer, ìyẹn bíà tí àwọn apọntí kéékèèké ń pọn níwọ̀nba, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ní Èkó, Bature Brewery wà lára àwọn tó ń pọn irú rẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń ga ju ti bíà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ, ìgò rẹ̀ sì máa ń kéré. Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ní ilé ọtí kékeré nàwó sí i fún alẹ́ àṣekágbá? Ó yẹ, bó bá lè fi bí eré bọ́ọ̀lù ṣe ń pẹ́ tó àti bí àpò òun fúnra rẹ̀ ṣe jìn tó yan èyí tó máa rà. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, tí òwò yìí ti gbilẹ̀ jù, ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó fún aráàlú láyè láti máa pọn bíà mu nínú ilé ara wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná ló padà di oníléeṣẹ́. Sierra Nevada, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Chico ní California lọ́dún 1980, wà lára àwọn tó sọ bíà olóòórùn òdòdó tí wọ́n ń pè ní pale ale di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, irú àwọn ilé ìpọntí kéékèèké bẹ́ẹ̀ ti lé ní 9,000 lórílẹ̀-èdè náà.

Ẹni tó bá ní ohun àjèjì ni èyí, kò rántí ilé ni. Kí bíà inú ìgò tó dé, àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n sì ti ń fi ọkà bàbà pọn ọtí bàbà. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń pọn, kì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó kan, adùn ti ìyá kan kì í sì í jọ ti èkejì rẹ̀. Bí craft beer náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Kódà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà bálì tí wọ́n ti mú hù wọlé lọ́dún 1988.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí onílé ọtí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló ni ojú tẹlifíṣàn. Heineken ti wọ inú ìdíje Champions League láti ọdún 1994, Budweiser sì ti ń bá Ife Àgbáyé rìn láti 1986. Ní Amẹ́ríkà, láti 1989 títí di 2022, Anheuser-Busch nìkan ni ilé ìpọntí tó lẹ́tọ̀ọ́ láti polówó ọtí jákèjádò orílẹ̀-èdè nígbà Super Bowl, tó jẹ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún. Èyí túmọ̀ sí pé orúkọ ọtí ti wà lẹ́nu oníbàárà kó tó jókòó. Ìgò àkọ́kọ́ tó máa béèrè, èyí tó ti mọ̀ ni, ìbáà jẹ́ Star, Trophy tàbí Gulder. Ìgò kejì tàbí ìkẹta ló ṣeé fi nǹkan mìíràn lọ̀ ọ́. Nítorí náà, ọtí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló gbọ́dọ̀ gba ibi tó pọ̀ jù nínú fíríìsà. Ẹni tó bá kó o kúrò nítorí ọtí tuntun ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti oníbàárà lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn ni.

Agbára ọtí ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò, kó tó wo adùn rẹ̀. Eré bọ́ọ̀lù kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kíá. Ìṣẹ́jú 90, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 15 àti àfikún ti adarí eré, ó ti súnmọ́ wákàtí méjì. Bí wọ́n bá tún gbá àfikún 30, tí wọ́n wá gba pẹnáritì, ó di nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni àṣekágbá Ife Àgbáyé tó wáyé ní Qatar lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Títí di ìṣẹ́jú 79, Argentina ń fi góòlù méjì sí òdo na Faransé, ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti parí. Mbappé gbá méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú méjì, eré náà di 3-3, pẹnáritì 4-2 ni Argentina sì fi gba ife. Ẹni tó ti da ọtí líle sára kí ìsinmi tó dé kò ní mọ bó ṣe parí. Lójú òwò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ra nǹkan mọ́, àga ló ń gbà, bí ìjà bá sì bẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìgò ńlá 60cl tí wọ́n kọ 5% sí lára, ọtí gidi tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 3cl. Bó bá jẹ́ stout 60cl tó jẹ́ 7.5%, bíi Guinness tí a mọ̀ ní Nàìjíríà, 4.5cl ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n craft beer inú ìgò 33cl tó jẹ́ 4.5%, ọtí inú rẹ̀ kò ju 1.5cl lọ. Ìyẹn ni pé méjì irú rẹ̀ ló tó ìgò ńlá kan. Oníbàárà lè mu ọ̀kan kí ìsinmi tó dé, kó mu òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú rẹ̀ ṣì wà lára bọ́ọ̀lù, onílé ọtí á sì ti pa èrè lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo craft beer ló fúyẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ 7%, òmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta irú rẹ̀, bí ìgò rẹ̀ ti kéré tó nì, ọtí inú rẹ̀ ju ti ìgò ńlá bíà méjì lọ. Ara ìgò ni kí wọ́n ti ka èyí kí wọ́n tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti ṣubú.

Ní ti irú tó wà, mélòó kan péré ló ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń tajà. Lager ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Inú òtútù ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ìwúkàrà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì máa ń mọ́ gaara. Lager láti ọwọ́ apọntí kékeré kì í dẹ́rù ba ẹni tó ti ń mu Star láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Pale ale ní òórùn òdòdó hops, ó korò díẹ̀, ó sì bá súyà àti ẹ̀pà mu dáadáa.

Bíà àlìkámà, tó gbajúmọ̀ ní Jámánì, ló gba àlàyé. Ó máa ń ṣú bí omi ògì, ó sì máa ń ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kànáfùrù sí i. Iṣẹ́ ìwúkàrà ni. Bí ọmọ tó ń gbé ọtí kò bá mọ èyí, oníbàárà á ní ọtí ti bàjẹ́, yóò dá a padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè dá a lóhùn. Síbẹ̀, òun gan-an ló dára jù fún ilé ọtí tó ń ta asun tàbí pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀, nítorí kì í fi kún ata lẹ́nu.

Ìdàkejì rẹ̀ ni IPA, èyí tó korò jù, tó sì sábà máa ń le ju pale ale lọ. Ọtí líle àti ìkorò a máa mú kí ata ta sí i lẹ́nu. Fún alẹ́ tí gbogbo tábìlì ti kún fún asun, kí onílé ọtí gbàgbé IPA. Stout ní tirẹ̀ kò ṣàjèjì rárá, nítorí láti ọdún 1962 ni Guinness ti ń pọn ọtí ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo nínú, lẹ́yìn eré ló dára jù, nígbà táwọn tó borí bá ń yọ̀. Méjì péré nínú gbogbo èyí ló tó fún ilé ọtí kékeré: lager tàbí bíà àlìkámà kan, àti pale ale kan. Ẹni tó bá kó oríṣi mẹ́fà sílẹ̀ ń ṣe àfihàn ni, kò tajà.

Ìtọ́jú rẹ̀ tún yàtọ̀. Púpọ̀ nínú craft beer ni wọn kì í gbé gba iná bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń ṣe kó tó jáde, ooru sì tètè máa ń ba òórùn rẹ̀ jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà máa ń bá hops jà, bíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìgò aláwọ̀ ewé àti èyí tó mọ́ gaara ló tètè máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju aláwọ̀ igi lọ, agolo kò sì ní wàhálà yìí rárá. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò ti dúró sójú kan, ohun tó máa gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tà kò yẹ ní rírà. Kí wọ́n wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ọjà ẹlẹ́dínwó tó bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó ń tà á ló ṣe lóore.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun àpò nìyí. Ká ní páálí craft beer kan jẹ́ ìgò 24, tí wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦2,500, tí wọ́n fẹ́ tà á ní ₦3,500. Owó tó wọlé sí i jẹ́ ₦60,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, èrè ₦24,000 ni. Bó bá jẹ́ 18 ló tà, ₦63,000 ló wọlé, èrè di ₦3,000 péré. Bó bá jẹ́ 17, gbèsè ti wọ̀ ọ́, a kò sì tíì ka owó yìnyín. Bíà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò tà lónìí á tà lọ́la, òfìfo ìgò rẹ̀ sì ṣeé kó padà fún ẹni tó ń kó ọjà wá. Ìgò craft beer kì í sábà ní ọ̀nà ìpadà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó pa owó sí i mọ iye èèyàn tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni kí onílé ọtí ra ìgò mẹ́fà tàbí méjọ ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú, kó bu díẹ̀díẹ̀ sínú ife kékeré fún àwọn oníbàárà tó máa ń wá wo eré líìgì, kó sì máa wo ẹni tó padà béèrè. Bó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún ló béèrè, ìgò 10 ló yẹ kó rà, kì í ṣe 24. Kó tún bá ẹni tó ń kó o wá sọ ọ́ bóyá ó lè gba èyí tí kò bá tà padà. Ọ̀pọ̀ apọntí kékeré ló ń wá ojú ọjà, wọn kì í le bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nídìí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Kó má sì fi gbogbo ọkàn lé ìparí eré. Lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí PSG kojú Inter ní Munich, góòlù méjì ti wọlé kí ìṣẹ́jú 21 tó pé, 5-0 ló sì parí sí. Irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ń jìyà kì í dúró. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024 ńkọ́, nígbà tí Haller gbá góòlù tí Côte d'Ivoire fi na Nàìjíríà 2-1 ní Abidjan? Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni eré yẹn bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ń bẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Stout tí wọ́n kó pamọ́ de ìdùnnú, ta ló fẹ́ mu ún lẹ́yìn ìyẹn? Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lákòókò ìsinmi ni ọjà ti dájú. Ìṣẹ́jú 15 kò sì tó láti máa wá ìgò nísàlẹ̀ fíríìsà. Craft beer gbọ́dọ̀ wà lókè, níbi tọ́wọ́ ti lè tó o, kí wọ́n sì máa gba owó bí wọ́n bá ṣe ń gbé e fún oníbàárà.

Lára èrò náà, àwọn kan wà tí kì í mu ọtí, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí pé àwọn ló máa wa ọkọ̀ délé. Owó malt àti omi tútù wọn náà ń wọ àpò, òun sì ni kì í bàjẹ́ kíákíá. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18, bó ti wù kó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó, malt náà ni tirẹ̀.

Fún àwọn tó máa ń gbára lé Champions League, àkókò ti yí padà. Ní 2025, UEFA kéde pé láti ọdún 2026 lọ, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀ ni àṣekágbá yóò máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago márùn-ún ní Nàìjíríà, dípò aago mẹ́jọ alẹ́ tó ti mọ́ra. Oòrùn ṣì máa wà lókè nígbà náà. Bíà tó fúyẹ́, tó tutù, ni ọ̀fun máa béèrè, eré á sì ti parí ní nǹkan bí aago méje, tí alẹ́ ṣì kù gbọọrọ fún ẹni tó bá fẹ́ stout. Ẹni tó ń ta asun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí náà yóò ní láti tètè dáná.