Ọtí Ọkà Pípọn nínú Ilé: Ohun tí Ọkà Bàbà Ń Béèrè lọ́wọ́ Apọntí Tuntun ní Èkó

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries ní Èkó. Fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, bálì tí a ń kó wá láti òkè òkun ni gbòógì èròjà bíà ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de bálì tí ń wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí sì ní láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa lo ọkà bàbà àti àgbàdo. Kò rọrùn fún wọn. Ẹ̀rọ wọn, ìwé wọn àti ìrírí àwọn onímọ̀ wọn, bálì ni gbogbo rẹ̀ ṣe fún.

Ìṣòro kan náà ni ó ń dojú kọ ẹni tí ó jókòó sínú ilé rẹ̀ ní Surulere tàbí Yábàá lónìí, tí ó ṣí ìwé òyìnbó lórí bíà pípọn nínú ilé, tí ó sì fi ọkà bàbà rọ́pò bálì láìyí ohun mìíràn padà. Ohun tí yóò bá nínú ìkòkò ni ẹ̀kọ mímu tí kò ládùn, tí kò sì ní di ọtí bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kò dáa. Ọkà bàbà kì í ṣe bálì ni. Àwọn obìnrin tí ń pọn ọtí ọkà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ilé-iṣẹ́ bíà kankan tó dé, wọ́n sì ti wá ojútùú rẹ̀. Ojútùú yẹn, àti ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Orúkọ ọtí àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ẹni tí ó bá sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí kò tíì fetí sílẹ̀ dáadáa. Dídá ni à ń dá ẹmu, ẹni tí ń dá a sì ni adẹ́mu. Pípọn ni à ń pọn ọtí ọkà, ẹni tí ń pọn ọ́n sì ni apọntí. Sísè ni à ń se ògógóró. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí kò ṣe é fi rọ́pò ara wọn, nítorí iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ṣúgà ti wà nínú omi ọ̀pẹ kí adẹ́mu tó gun igi. Bí ó bá ti kán sínú akèrègbè ni ó ti ń hó. Nínú ọtí ọkà, apọntí fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọkà di ohun dídùn kí ohun dídùn náà tó lè di ọtí. Ní ti ògógóró, ọtí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni a gbé ka iná, tí a sì gba ooru rẹ̀ tí a mú un tutù padà di omi. Ìyàtọ̀ ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì gan-an, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni orúkọ tí Yorùbá mọ ọtí àgbàdo sí. Ní ìgboro Èkó lónìí, bùrùkùtù àti pító ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ fún ti ọkà bàbà, àwọn orúkọ méjèèjì kì í sì í ṣe ti Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bùrùkùtù máa ń ki, pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mu ún. Pító ni èyí tí ó mọ́ lójú. Ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, níbi tí àwọn Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà wà, tchakpalo ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n òun àbúrò wọn, tchoukoutou sì ni ti apá àríwá. Ìdílé kan ni gbogbo wọn.

Láti orí ọkà dé orí èéhù

Inú hóró ọkà kún fún sítáàṣì, èyíinì ni ohun funfun tí ń sùn sí ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá sẹ́ ògì. Sítáàṣì kì í dùn lẹ́nu, ìwúkàrà kò sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí hóró bá fẹ́ hù, ó ní láti bọ́ ọmọ inú rẹ̀. Ó máa ń pèsè èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù, èyí tí ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ tí yóò fi di ṣúgà. Apọntí ń tan ọkà jẹ ni: ó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kí ẹ́ńsáìmù lè jáde, ó sì dá a dúró kí ó tó jẹ gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ tán.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ kí a tó dáná rárá nìyí. Ọkà tí ó ti pẹ́ jù ní ọjà tàbí tí a fi iná gbẹ kì í hù. Kí apọntí tuntun tó ra púpọ̀ ní Ojúwòyè tàbí Dálékò, kí ó ka ọgọ́rùn-ún hóró, kí ó fi wọ́n sáàárín aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí hóró tí ó hù kò bá tó nǹkan bí 90, kí ó wá ọkà mìíràn. Kò sì gbọdọ̀ lo irúgbìn tí a ti fi oògùn kun lára fún oko gbígbìn, bí ó ti wù kí ó hù dáadáa tó.

Rírẹ ọkà gba ọjọ́ kan, a ó sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó má baà kan. Lẹ́yìn náà a ó tẹ́ ẹ sórí àpò tútù tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó má nípọn ju ìka méjì lọ. A ó bò ó, a ó máa wọ́n omi sí i, a ó sì máa yí i láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí ọkà tí ń hù máa ń gbóná, bí ooru náà kò bá sì rí àyè jáde, èbu ni yóò tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, èéhù yóò ti gùn tó hóró fúnra rẹ̀. Àkókò sísá ti tó nìyẹn. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, nígbà tí òjò Èkó kì í fẹ́ dá, ó sàn kí apọntí tuntun má bẹ̀rẹ̀ rárá bí kò bá ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gba orí ọkà rẹ̀. Ọkà tí kò gbẹ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta yóò hu èbu, májèlé inú àwọn èbu kan kì í sì í kú bí a tilẹ̀ sè é. Dídà nù ni ó yẹ irú ọkà bẹ́ẹ̀. Fífọ̀ kò wúlò.

Bí ó bá gbẹ tán, a ó fi ọwọ́ ra á kí èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ já, a ó sì fẹ́ wọn dànù. Èyí kì í ṣe ìmọ́tótó lásán. Èéhù ọkà bàbà ní èròjà kan tí ń mú sáyánáìdì jáde, irú májèlé tí ó wà nínú pákí tútù. Ti àgbàdo kò ní ìṣòro yìí, ìdí kan nìyẹn tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fi tọ́ sí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro ooru

Kí ẹ́ńsáìmù tó lè gé sítáàṣì, sítáàṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú nínú omi gbígbóná, bí ògì ti ń ki tí ó sì ń dán nígbà tí ó bá di ẹ̀kọ. Sítáàṣì bálì ń tú ní nǹkan bí 60 sí 65°C. Ní ìwọ̀n ooru yẹn, ẹ́ńsáìmù ṣì wà láàyè, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé òyìnbó fi lè sọ pé kí a po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan ní 65°C, kí a bò ó fún wákàtí kan, kí iṣẹ́ parí. Sítáàṣì ọkà bàbà kì í tú títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 68 sí 78°C. Kí ó tó tú tán, ẹ́ńsáìmù tí ó yẹ kí ó gé e ti ń kú. Bí ooru bá kéré, sítáàṣì kò ní tú. Bí ó bá pọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò gé e.

Ojútùú àwọn apọntí ni pé kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. A ó po ìyẹ̀fun ọkà híhù mọ́ omi tútù, bóyá kílò kan sí lítà márùn-ún, a ó rò ó, a ó sì fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: omi yóò wà lókè, ohun tí ó ki yóò sùn sísàlẹ̀. Ẹ́ńsáìmù a máa yòrò sínú omi, nítorí náà òkè ni púpọ̀ rẹ̀ yóò wà. A ó rọra da omi òkè yìí sínú abọ́ mìíràn, nǹkan bí ìdajì, a ó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí iná kò ti ní kàn án. Ìsàlẹ̀ ni a ó gbé kaná. A ó sè é fún wákàtí kan, a ó máa rò ó kí ó má baà jóná, a ó sì máa fi omi kún èyí tí ó bá gbẹ, títí sítáàṣì yóò fi tú pátápátá. Lẹ́yìn náà ni a ó da omi òkè padà sí i.

Bí ìyá àgbà kan tí kò ní tẹmọ́mítà ṣe ń rí ìwọ̀n ooru tí ó yẹ kò ju ìṣirò lọ. Omi òkè tí kò rí iná wà ní nǹkan bí 28°C ní Èkó. Ohun tí ń hó lórí iná wà ní 100°C. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ ní ìwọ̀n ọgbọọgba, àárín wọn ni 64°C, ìkòkò fúnra rẹ̀ yóò sì gbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni a bọ́ sí yẹn. Kí a bo ìkòkò, kí a fi aṣọ nípọn wé e, kí a sì fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì ó kéré tán. Bí a bá tọ́ ọ wò, yóò ti dùn. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè mú ẹ̀kán kan, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó sì kán áyódìn tí olóògùn ń tà sí i. Bí ó bá di dúdú aláwọ̀ aró, sítáàṣì ṣì kù.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú ètò yìí ni pé ó yí iṣẹ́ ògì po. Nínú ògì, ìsàlẹ̀ ni a ń fẹ́, omídùn ni a ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ọtí, ẹni tí ó bá da omi òkè nù ti da iṣẹ́ náà nù.

Híhó àti ìwúkàrà

A ó sẹ́ omi dídùn náà, a ó sì sè é fún wákàtí kan sí i. Ibí yìí ni a lè fi ohun kíkorò sí. Bíà òyìnbó ń lo hops, tí kì í sábà ṣe dáadáa ní ilẹ̀ olóoru. Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti ṣe ìwádìí lórí orógbó àti ewúro gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ewúro díẹ̀ tó, nítorí ó rọrùn láti kọjá ààlà.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ìwúkàrà. Òfin bíà tí wọ́n ṣe ní Bavaria ní ọdún 1516 ka èròjà mẹ́ta péré, èyíinì ni bálì, hops àti omi. Kò dárúkọ ìwúkàrà. Ní ọdún 1876 ni Louis Pasteur gbé ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde, tí ó fi hàn pé ohun abẹ̀mí ni ó ń sọ ṣúgà di ọtí. Apọntí tí ó ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sínú ti òní kò ka Pasteur, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé láìsí i, ọtí òní kò ní hó bí ó ti yẹ. Ẹni tí kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè fi ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kékeré kan sí lítà márùn-ún. Omi dídùn náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù dé nǹkan bí 30°C, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwúkàrà yóò kú.

Láàárín ọjọ́ kan, fófòó yóò ti bo ojú rẹ̀. Ooru Èkó ń mú kí ó yá, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ó tètè kan pẹ̀lú. Irú ọtí yìí kì í lágbára tó bíà ìgò, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni adùn rẹ̀ sì máa ń pé.

Ohun tí ó léwu

Kò sí ohun tí ó ń tan apọntí tuntun tó ìgò. Ọtí tí ó ṣì ń hó ń tú gáàsì jáde. Bí a bá dé e pa, ìgò yóò bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ sì lè fọ́ ojú ènìyàn. Aṣọ ni kí a fi bo ìkòkò, kì í ṣe ọmọrí tí ó há.

Èkejì ni ìbẹ̀rù tí ó gba orí ọ̀pọ̀ ènìyàn láti oṣù Kẹrin ọdún 2015, nígbà tí àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Ìjọba fi òfin de ògógóró lọ́dún náà. Ibí ni ìyàtọ̀ àárín pípọn àti sísè ti ń ṣiṣẹ́. Methanol tí ń jáde láti inú ọkà tí a pọn kéré débi pé kò lè pani. Sísè ni ó lè kó o jọ sójú kan, àbùlà àwọn oníṣòwò sì lè fi kún un. Ẹni tí ń pọntí nínú ilé kò gbọdọ̀ gbé ọtí rẹ̀ ka iná láti gba ooru rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ da ẹ̀mí ọtí tí kò mọ ibi tí ó ti wá sínú rẹ̀.

Títà ń kọ́? Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọtí tí a bá dì sínú ike tàbí ìgò fún ọjà wà lábẹ́ àṣẹ NAFDAC, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò pẹ̀lú ìkòkò àkọ́kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọtí bá tán, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò ni kí apọntí bù sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí a ti fi omi gbígbóná fọ̀. Kí ó má dé e pa. Nínú fíríìjì yóò pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, kí ó tún pọntí mìíràn láàárín ọjọ́ méjì, tàbí kí ó tẹ́ ẹ tín-ín-rín sórí aṣọ mímọ́, kí ó sá a gbẹ.