Irin inú ẹ̀rọ gàrí ti jẹ: kí la máa kó lọ bá tourneur?

Ẹ̀yin ará wa ní Takon, ní Sakété àti ní Pobè, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá fi máa tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Tí ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ bá wá dákẹ́ lásìkò yẹn, owó àwọn ìyá wa ló ń ṣòfò.

Ohun tó sábà máa ń jẹ ni arbre, ìyẹn ọ̀pá irin àárín tó ń yí. Tí roulement bá gbó tàbí tí kò rí gíráàsì, á bẹ̀rẹ̀ sí yí lórí ọ̀pá náà, á sì máa jẹ ẹ́. Wọ́n lè sọ fún yín pé kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́, kí ẹ lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ má tíì náwó yín o! Tourneur tó mọṣẹ́ lè ṣe òmíràn. Iṣẹ́ yìí ò jìnnà sí wa: ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Songhaï tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń ṣe ẹ̀rọ oko fúnra rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Á de irin mọ́ ẹ̀rọ tour. Irin náà á máa yí, ọ̀bẹ líle á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí ọsàn lábẹ́ ọ̀bẹ. Á máa fi pied à coulisse wọ̀n ọ́ lemọ́lemọ́, torí ohun tó bá ti họ kúrò kò ṣeé dá padà. Tó bá tóbi jù, roulement ò ní wọlé. Tó bá kéré jù, á tún máa yí lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kó ọ̀pá àtijọ́ lọ, kódà tó bá ti kán sí méjì. Ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ ò lè sọ bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. Ẹ mú roulement àti poulie dání. Nọ́ńbà ara roulement ń sọ̀rọ̀: láti 6204 lọ sókè, ẹ fi 5 sọ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn di púpọ̀. 6204, ihò rẹ̀ jẹ́ 20 mm. 6205, 25 mm. 6206, 30 mm.

Ẹ bi í pé irin wo ló fẹ́ lò. Fer à béton kì í ṣe irin arbre. Inú kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń wá demi-arbre ọkọ̀ àtijọ́, torí irin tó le ni. Àwọn kan máa ń fi pointeau lu ojú-ojú sára ọ̀pá kí roulement lè fún mọ́ ọn. Ìyẹn lè gbé yín dé ìrọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí á tún fi tú.

Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ ní kó ki roulement bọ̀ ọ́ lójú yín. Tí ẹ bá délé, ẹ má gbàgbé gíráàsì o.