Epo àti Ọ́ìlì: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Títún Ẹ́ńjìnnì Ìdí-Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nílé

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 dá lé. A kò lè sọ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyíinì ni títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ṣe nílé, láti fi hàn pé ẹni tí ó bá túmọ̀ ìwé-ìtọ́nà rẹ̀ láìfarabalẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ láìfi ọwọ́ kàn án.

Ẹ́ńjìnnì tí à ń wí ni èyí tí a ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀ lóde, tí ó ṣeé tú, tí ó sì ṣeé gbé. Ẹ́ńjìnnì ìdí-ọkọ̀ ni a óò máa pè é. Ole Evinrude, ọmọ Norway tí ó tẹ̀dó sí Milwaukee ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní 1909. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ó gbajúmọ̀. Èyí tí a óò fi ṣe àpẹẹrẹ ni Johnson QD, onísílíńdà méjì, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 10, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1949. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ṣì ń tún irú rẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni èyí tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù: epo. Epo ni a ń pe epo pupa, epo ni bẹntiróòlù, epo náà sì ni ohun tí a ń fi sí ara irin kí ó má baà họra. Nínú ọbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣì í mú. Ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ni ó wà lára ẹ́ńjìnnì yìí, kò sì sí èyí tí ó lè dípò èkejì nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilẹ̀, ọ́ìlì ní ibùjókòó tirẹ̀ nísàlẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó ti ń lọ sí ara àwọn irin. Ẹ́ńjìnnì ìdí-ọkọ̀ àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Onígbèésẹ̀-méjì ni: bí písítìn bá lọ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí písítìn ń lọ sókè, ó ń fa afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù wọ inú àpótí tí ọ̀pá-ìyípo wà; nígbà tí ó ń padà, ó ń ti àdàlù náà lọ sínú sílíńdà níbi tí yóò ti gbiná. Bẹntiróòlù ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sí ibi tí ọ́ìlì lè jókòó sí. Inú bẹntiróòlù gan-an ni a gbọ́dọ̀ pò ó mọ́. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni lítà 1 ọ́ìlì sí lítà 24 bẹntiróòlù. Ìwọ̀n 1 sí 50 tí àwọn ẹ́ńjìnnì tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lò kéré fún un. Bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ pé ‘ẹ da epo sí i’, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì da bẹntiróòlù nìkan, písítìn yóò gbóná, yóò sì lẹ̀ mọ́ sílíńdà.

Ẹ̀kẹta ni ọ́ìlì jíà, tí ó wà nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ omi. Ihò méjì ni ó ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni a ń gbà tú èyí tí ó ti gbó jáde. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé, a sì níláti pààrọ̀ rọ́bà tí ó ń dí ojú ọ̀pá. Ìsàlẹ̀ náà ni a ń gbà rọ tuntun sí i títí yóò fi yọ lójú ihò òkè, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀.

Àwọn kan lè fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ fi ‘jó’ ṣẹ̀dá orúkọ fún bẹntiróòlù, ‘epo ìjó’ yóò mú àwọn ènìyàn rántí agbo ijó ju iná lọ! Ní tiwa, ọ̀nà àwọn mẹkáníìkì ni ó tọ́. Wọ́n ń pe èyí tí ń gbiná ní epo, wọ́n sì ń pe èyí tí ń mú irin yọ̀ ní ọ́ìlì. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí ti la ààlà tí èdè wa kò là tẹ́lẹ̀. Ìyókù tí ó kù fún wa ni kí a pín ọ́ìlì fúnra rẹ̀ sí méjì: ọ́ìlì àpòpọ̀ àti ọ́ìlì jíà.

Ti iná kò ní wàhálà ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti òòfà ti mọ́ wa lẹ́nu. Kí olùtúnṣe kàn mọ̀ pé ara kọ́ìlì ìgbà náà sábà máa ń sán bí ó bá ti gbó, tí iná yóò sì máa jò kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá gan, kí ó má ṣe fi agbára fa okùn rẹ̀. Kí ó tú púlọ́ọ̀gì, kí ó kán ọ́ìlì sínú sílíńdà, kí ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì: èyí tí ń ti ọkọ̀ síwájú, àti ti rọ́bà tí ń fa omi sókè láti mú ẹ́ńjìnnì tutù. A kò lè pe ti àkọ́kọ́ ní atukọ̀, nítorí ènìyàn ni atukọ̀. Abẹ̀bẹ̀ omi tó fún un. Ti èkejì ni a dábàá pé kí a máa pè ní afami. Afami tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń le, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó dán ẹ́ńjìnnì wò. Inú dúrọ́ọ̀mù tí ó kún fún omi ni a ti ń dán an wò, ní ìta gbangba nítorí èéfín. Bí kò bá sí omi, afami yóò jóná láàárín ìgbà díẹ̀. Kí olùtúnṣe má ṣe retí kí omi máa tú jáde ní ihò kan lọ́tọ̀ bí ó ti ń ṣe lára ẹ́ńjìnnì òde òní. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni kí ó máa wò, níbi tí omi àti èéfín ti ń jùmọ̀ ta jáde.