Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ọ̀nà tí ṣúgà gbà dé Ìkirun àti Òkukù

Oyin àti ìrèké ni adùn ilé wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣì wà nínú àwo ìsọmọlórúkọ dòní.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogun kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lẹ́rú dé Cuba. Inú oko ìrèké tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣiṣẹ́ kú sí. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin níbẹ̀.

Kó tó di 1910, rélùwéè ti gba Ìkirun àti Òkukù kọjá, ọjà òkèèrè bíi ṣúgà sì ń bá a wọlé.

Ní 1964, iléeṣẹ́ tó wà ní Bacita ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrèké ṣe ṣúgà.

Bẹ́ ẹ bá ń da ṣúgà sí gaàrí, ẹ rántí àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ san owó rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fọ́mọ yín.