Ṣé o mọ̀? Ọ̀dọ̀ bàbá ni akọ tàbí abo ti ń wá

Ìyàwó bí obìnrin mẹ́ta léra wọn, ni ìyá ọkọ bá ní kí ọmọ òun lọ fẹ́ ẹlòmíràn tí yóò bí ọkùnrin. Ẹjọ́ ìyàwó kọ́! Nínú kírómósómù tó ń pinnu akọ tàbí abo, X nìkan ló wà nínú ẹyin obìnrin. Àtọ̀ ọkùnrin ló ń gbé X tàbí Y wá: X di obìnrin, Y di ọkùnrin. Lára kòkòrò inú ìyẹ̀fun (kòkòrò lásán!) ni Nettie Stevens, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ti rí àṣírí yìí ní 1905. Bàbá náà kò kúkú lè yàn án. Oyún kẹrin kò mọ ohun tí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́. Bíi ìdajì-ìdajì ló ṣì wà. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé dá ìyàwó lẹ́bi.