Owó Ibodè àti Sìmẹ́ǹtì

Láyé àtijọ́, oníṣòwò kì í gbé ẹrù wọ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá láìdúró ní ẹnubodè. Oníbodè a wo ẹrù rẹ̀, a sì gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kọjá. Àwọn orílẹ̀-èdè òde òní pẹ̀lú ní oníbodè tiwọn, tí a ń pè ní aṣọ́bodè tàbí kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìdí pàtàkì méjì ni ìjọba fi ń gba owó yìí: èkíní, kí owó lè wọ àpò ìjọba, èkejì, kí ọjà òkèèrè má baà pa iṣẹ́ àwọn ará ilé.

Bí a bá gbà pé àpò sìmẹ́ǹtì kan láti òkè òkun jẹ́ 100 náírà, tí èyí tí a ṣe nílé sì jẹ́ 110 náírà, ti òkèèrè ni ènìyàn yóò rà. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gba 20 náírà lórí rẹ̀, yóò di 120 náírà, ti ilé yóò sì tà. Ilé iṣẹ́ jèrè, òṣìṣẹ́ sì rí iṣẹ́ ṣe; ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́lé, tí ìbá san 100 náírà, ti san 110. Nítorí náà, kì í ṣe àlejò nìkan ni owó ibodè ń mú. Ó ń mú onílé pẹ̀lú.

Sìmẹ́ǹtì kò rí bí aago tàbí aṣọ. Ẹrù wúwo ni, owó ọkọ̀ a sì máa jẹ èrè rẹ̀. Bí omi bá kàn án, a di òkúta kí ó tó dé ọwọ́ bíríkìlà. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a máa ṣe é nítòsí ibi tí òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe é wà. Nàìjíríà ní òkúta yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ ní Nkalagu ní ọdún 1957, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní Ewékorò ní ọdún 1960.

Síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe kò tó. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun béèrè fún sìmẹ́ǹtì tí ó tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 20 láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó kò lè gbà ju bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ tò sí ojú òkun, wọ́n ń dúró de àyè. Ìjọba ń sanwó fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi dúró, sìmẹ́ǹtì mìíràn sì bàjẹ́ nínú ọkọ̀.

Ní ọdún 2002, ìjọba pàṣẹ pé ẹni tí yóò bá kó sìmẹ́ǹtì wọlé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ nílé. Òfin tún de sìmẹ́ǹtì inú àpò láti òkèèrè. Ní ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ ńlá Obajana, ní ìpínlẹ̀ Kogí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lónìí, Nàìjíríà ń ṣe sìmẹ́ǹtì tí ó tó o lò, ó sì ń tà nínú rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò kan ju 10,000 náírà lọ ní ibi púpọ̀. Náírà ti wálẹ̀, owó epo ti gòkè, àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ǹtì kò sì pọ̀. Ẹlòmíràn tí ó ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ kò lè mọ ògiri lé e.

Ọmọ tí kò tíì lè rìn ni à ń pọ̀n. Ó tọ́ kí ìjọba dáàbò bo ilé iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dàgbà, ó yẹ kí a tún òfin náà yẹ̀ wò, kí ẹni tí ń rà má baà máa ru ẹrù náà títí láé. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.